Igbó Gbogbo Ayé: Ta Ni A Ó Tọrọ Ewé Lọ́wọ́ Rẹ̀?

  

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ awo níbi tí a wà yìí, ní Fairburn àti káàkiri Atlanta, máa ń bi mí lemọ́lemọ́: "Ìyá, ṣé mo lè já ewé nínú páàkì? Ṣebí igbó gbogbo ayé ni, mo sì ń san owó orí." Ẹlòmíràn á gbé e gba ọ̀nà mìíràn: "Òfin ní ká má já ewé, Òsanyìn sì ní ká wá ewé. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?" Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé ká já ewé kíákíá kí ẹ̀ṣọ́ páàkì tó dé, ká máa lọ ilé. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Inú ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ wà, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ láti fúnni, àti irú ènìyàn tí àwa tí a tẹfá, tí a gbé òrìṣà, fẹ́ jẹ́ nílùú onílùú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí n tó ṣàlàyé bí mo ṣe débẹ̀. Tí a bá pe igbó kan ní ti gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ yẹn ò fún ẹnikẹ́ni nínú wa láṣẹ láti mú nǹkan níbẹ̀. Ńṣe ló ń mú kí iye àwọn tí a gbọ́dọ̀ tọrọ lọ́wọ́ wọn pọ̀ sí i.

Orúkọ tí òfin ń fún igbó

Ẹ wo bí òfin ṣe ń to igbó ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1891 ni òfin kọ́kọ́ fún ààrẹ láṣẹ láti ya igbó orí ilẹ̀ ìjọba sọ́tọ̀, kí wọ́n má baà tà á fún aládàáni. Ní 1905, wọ́n kó àwọn igbó náà sábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn, Forest Service bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Gifford Pinchot sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Lọ́dọ̀ tiwa ní ìlà-oòrùn, ọwọ́ aládàáni ni ilẹ̀ wà, àwọn agégẹdú sì ti gé ọ̀pọ̀ igbó orí òkè tán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe òfin Weeks ní 1911, tó jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ lè ra ilẹ̀ padà kí igbó lè tún hù, kí omi má sì gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni igbó Chattahoochee ní àríwá Georgia ṣe di igbó ìjọba àpapọ̀ ní 1936. Igbó Oconee tẹ̀ lé e ní 1959.

Òfin 1960 ka iṣẹ́ márùn-ún tí irú igbó bẹ́ẹ̀ wà fún: ìgbafẹ́, ìjẹko ẹran ọ̀sìn, gẹdú, omi, àti ẹran igbó pẹ̀lú ẹja. Òfin 1964 fi ìsọ̀rí mìíràn kún un, ìyẹn aginjù, níbi tí ènìyàn ti jẹ́ àlejò tó gbọ́dọ̀ padà sílé: kò sí ọ̀nà mọ́tò, kò sí ilé, kò sí gígé gẹdú fún títà. Òfin 1976 ní kí igbó kọ̀ọ̀kan ní ìwé ètò tirẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ará ìlú kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, páàkì ìjọba àpapọ̀ wà lọ́tọ̀, ti ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀, ti káúńtì lọ́tọ̀, ti ìlú lọ́tọ̀.

Odò Chattahoochee tí a mọ̀ dáadáa níhìn-ín jẹ́ àpẹẹrẹ. Nítòsí orísun rẹ̀ lórí òkè, ó ń ṣàn gba inú igbó Forest Service, níbi tí wọ́n lè fúnni níwèé àṣẹ láti mú irúfẹ́ ewéko kan. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé apá Atlanta, bèbè rẹ̀ ní ibi púpọ̀ ti wà lábẹ́ àwọn tó ń bójú tó páàkì ìjọba àpapọ̀ láti 1978, níbi tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má já ewéko lọ láìgbàṣẹ. Odò kan náà ni, igi kan náà ni. Ààlà orí ìwé ló yàtọ̀.

Kò burú kí ènìyàn to nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ìbéèrè tí òfin ń bi igbó kó tó sọ ọ́ lórúkọ: "Kí lo wúlò fún?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn lè yí padà nígbà tí àìní wa bá yí padà, orúkọ náà yóò sì bá a yí.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún un

Àwọn baba wa náà to igbó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú bírò. Ẹgàn ni igbó kìjikìji tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá oko sí. Ijù ni ibi jíjìn tó jẹ́ pé ọdẹ ló ń débẹ̀. Ọ̀dàn ni ibi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ. Ahoro ni ibi tí ìlú tàbí abúlé ti wà rí, tí àwọn ènìyàn ti kó kúrò, tí igbó sì ti gba ibẹ̀. Igbódù jẹ́ ti Ifá, igbó ìgbàlẹ̀ jẹ́ ti egúngún, igbó orò jẹ́ ti orò. Tí ẹ bá tẹ́tí sí àwọn orúkọ wọ̀nyí, ẹ ó gbọ́ ìwúlò nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó tún gbọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ahoro. Ẹni tó bá pe ibì kan ní ahoro ti jẹ́wọ́ pé àwọn kan ti gbé ibẹ̀ rí, wọn ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání. A máa nílò rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ewé. Onísègùn tó mọṣẹ́ kì í ṣàdédé na ọwọ́ sí ewé. Ó ń kí i, ó ń fi ohun tí wọ́n kọ́ ọ sílẹ̀, ìbáà ṣe owó ìbáà ṣe obì, ó ń sọ ohun tó fẹ́ fi ewé ṣe, ó ń já ìwọ̀n tó tó o, ó ń fi èyí tó kù sílẹ̀ kó lè tún rú. Òsanyìn ló ni ewé. Ẹni tó bá já a láìtọrọ, ewé lásán ló já. Gbogbo wa la mọ èyí. Ohun tí à ń jiyàn lé lórí ni bóyá ìtọrọ yẹn dópin sọ́dọ̀ Òsanyìn.

Èèwọ̀ nìkan ò tó

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé èèwọ̀ ju òfin lọ, pé ká ní a fi igbó sílẹ̀ fún òrìṣà ni, kò sẹ́ni tí ì bá gé e. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ìtàn ò gbè é lẹ́yìn. Nígbà kan rí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú Yorùbá tí kò ní igbó mímọ́ tirẹ̀. Lónìí, púpọ̀ nínú wọn ti pòórá, àwọn mìíràn sì kù bíńtín láàárín ilé àti ọjà. Èèwọ̀ wà nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọkàn àwọn tó ń gbé nítòsí igbó ni èèwọ̀ ń gbé. Nígbà tí ọmọ ilé bá ti bá ẹ̀sìn mìíràn lọ, tí ilẹ̀ sì ti di owó, èèwọ̀ ò ní apá tó lè fi dá katapílà dúró. Nígbà mìíràn gan-an, àwọn tí ìtọ́jú igbó wà lọ́wọ́ wọn ló ń tà á.

Òṣogbo ni gbogbo wa máa ń tọ́ka sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí bí igbó Ọ̀ṣun ṣe là á já. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ojúbọ ń wó, ìbọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ igbó sì ti ń dín kù. Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí ìlú wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bá àwọn àwòrò àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà bí Adébísí Àkànjí ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n tún ojúbọ mọ, wọ́n sì dojú kọ àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀. Ní 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i. Ní 2005, UNESCO fi igbó náà, hẹ́kítà 75, sínú àkójọ ogún àgbáyé. Ohun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀: èèwọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ̀ láti lọ, àti ìwé òfin. Tí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, mi ò mọ èyí tó máa lè dá dúró.

Síbẹ̀ náà, ààlà tí ìwé fà kò dé inú omi. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di pupa rúsúrúsú, débi pé ìjọba kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi náà. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun ò lè ka ìkìlọ̀ yẹn kí ọkàn mi má bàjẹ́. A dáàbò bo ilé Yèyé, a ò dáàbò bo ọ̀nà tó ń gbà délé.

Òfin nìkan náà ò tó

Ẹni tó bá wá sọ pé ó dáa, ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba, kó wá gbọ́ tìyí náà. Ní 1899 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya igbó Olókeméjì sọ́tọ̀, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní 1925, wọ́n ya igbó Ọmọ, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 130,000. Lábẹ́ òfin igbó ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ nínú igbó kan gbọ́dọ̀ wá síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba kó sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ tí wọn ò bá kọ sílẹ̀ lè parẹ́. Ẹ ro ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọdẹ tó ń lọ sí ijù, tàbí fún ìyá tó ń já ewé, tí wọn ò ka ìwé, tí wọn ò sì rò ó rí pé àárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀tọ́ àwọn máa ku sí.

Ìwé gba igbó lọ́wọ́ wọn, ó ní òun fẹ́ pa á mọ́. Ṣé ó pa á mọ́? Nínú igbó Ọmọ, àwọn agégẹdú àti àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó ti wọlé jìnnà, àwọn erin tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ sì ń wá ibi tí wọ́n máa forí pa mọ́ sí. Orí ìwé, igbó ni. Ojú ọ̀nà, kòkó ni.

Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ awo mọ̀. Ní àríwá California, Forest Service fẹ́ la ọ̀nà gba orí òkè kan nínú igbó Six Rivers. Orí òkè yẹn ni àwọn Yurok, Karuk àti Tolowa ti máa ń gbàdúrà, tí wọ́n sì máa ń wá agbára fún ìwòsàn. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní 1988, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ náà, ìyẹn Lyng, márùn-ún sí mẹ́ta. Wọ́n gbà pé ọ̀nà náà lè ba ẹ̀sìn àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ gidigidi, síbẹ̀ wọ́n ní ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn kò gba ilẹ̀ ìjọba kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀sìn pàdánù.

Ṣùgbọ́n wọn ò la ọ̀nà náà tán títí dòní. Kí ló dé? Ní 1990, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ibi tó ṣẹ́ kù lójú ọ̀nà náà kún aginjù Siskiyou. Ìsọ̀rí ló gba òkè náà là. Inú mi dùn sí i, inú mi ò sì balẹ̀. Orúkọ "aginjù" gba òkè là nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ la ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Òfin ò sọ pé òkè náà jẹ́ mímọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dì í náà ló lè tú u.

Ahoro tó wà nítòsí wa

Ẹ má rò pé California nìkan ni. Ní ìlà-oòrùn gúúsù Atlanta, nínú káúńtì DeKalb, ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ ti ìlú Atlanta, tó jẹ́ oko ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń dáko níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí oko náà parí, igbó gbà á. Ní 2017, ìwé ètò tí ìlú Atlanta fúnra rẹ̀ gbà ka agbègbè náà mọ́ ibi tó yẹ kó di páàkì ńlá. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, kánsù ìlú dìbò, 10 sí 4, láti yá ilẹ̀ náà, éékà 381, fún Atlanta Police Foundation, kí wọ́n lè kọ́ ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọlọ́pàá àti panápaná sí éékà 85 nínú rẹ̀.

Ìjà bẹ̀rẹ̀, ìjà náà sì jẹ́ ìjà orúkọ. Àwọn kan ní igbó ni, ẹ̀dọ̀fóró ìlú ni. Àwọn kan ní kì í ṣe igbó gidi, pé ilẹ̀ tí wọ́n ti lò rí ni, ó kún fún àwókù ilé àti igi àjèjì. Àwọn Muscogee, tí wọ́n ń pe odò ibẹ̀ ní Weelaunee, padà wá láti Oklahoma, wọ́n jó níbẹ̀, wọ́n ní ilé àwọn ni. Ní oṣù kìíní 2023, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yìnbọn pa ọ̀dọ́ kan lára àwọn tó pàgọ́ sínú igbó náà. Ìjọba ní òun ló kọ́kọ́ yìnbọn. Àwọn ẹbí rẹ̀ ò gbà. Nígbà tó yá lọ́dún kan náà, àwọn ará ìlú kó ìwé lọ tí wọ́n ní ìbuwọ́lù tó lé ní 116,000 wà nínú rẹ̀, pé kí gbogbo ìlú dìbò sí ọ̀rọ̀ náà. Ìdìbò yẹn ò wáyé. Ní 2025, wọ́n ṣí ilé náà.

Kò sí bí mo ṣe lè máa sọ̀rọ̀ igbó ní Atlanta kí n fò ó dá. Ohun tó kan kókó mi nìyí: nínú èdè tiwa, a ò ní jiyàn pé igbó ni tàbí kì í ṣe igbó. Ahoro ni. Ahoro oko ẹ̀wọ̀n, tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí ahoro ilé Muscogee. Àwọn tó jìyà níbẹ̀ pọ̀, omijé wà nínú ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá pè é ní ilẹ̀ tí wọ́n ti lò rí ti sọ òótọ́ kan. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni àwọn tí wọ́n lò.

Ta ló lè fọwọ́ sí i?

Ìtàn kan wà tó bá ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí tan. Gbogbo àyíká Atlanta títí dé Fairburn, ilẹ̀ Muscogee ni. Ní ọdún 1825, olóyè wọn kan, William McIntosh, fọwọ́ sí àdéhùn Indian Springs, ó fi ilẹ̀ tó kù fún wọn ní Georgia sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà. Òfin àwọn Muscogee sì ti wà tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá dá ilẹ̀ tà láìsí àṣẹ ìgbìmọ̀, ikú ni. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n pa á. Ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé àdéhùn náà ò mọ́, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1826, ilẹ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ wọn bákan náà. Nígbà tó fi máa di 1836, wọ́n ti ń lé wọn lọ sí apá ibi tó di Oklahoma lónìí.

Mi ò wá gbèjà pípa ènìyàn. Mo fẹ́ kí a rí ohun tí òfin wọn mọ̀: ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, kò sí ẹnì kan tó lè dá a fúnni. Òfin ilẹ̀ ẹbí tiwa náà sọ bẹ́ẹ̀. Olórí ẹbí ò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà sì ti gba òfin yìí wọlé tipẹ́. Ọmọ ẹbí lè dá oko síbẹ̀, ó lè kọ́lé síbẹ̀, kò lè tà á. Ní nǹkan bí 1912, olóyè kan láti Odògbolú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láyé, àwọn tí a ò tíì bí kò sì lóǹkà.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ yìí lé ọ̀rọ̀ páàkì. Ẹni tó ní "mo ń san owó orí" ń sọ pé ọmọ ẹbí lòun. Ó dáa, ọmọ ẹbí ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí ló yẹ kó mọ̀ jù pé òun ò lè dá mú nínú ohun tí gbogbo ẹbí ni, kí ó sì pe èyí ní ẹ̀tọ́. Tí àwa méjìlá bá já ewé níbi kan náà lọ́sẹ̀ kan, igi náà á mọ̀.

Nítorí náà, àwọn tí a ó tọrọ lọ́wọ́ wọn ju ẹyọ kan lọ. A ó tọrọ lọ́wọ́ Òsanyìn àti ilẹ̀. A ó tọrọ lọ́wọ́ àwọn alààyè tí wọ́n jọ ni ín pẹ̀lú wa, òfin ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀, bí òfin yẹn tilẹ̀ ṣe gọ́tọgọ̀tọ. A ó sì rántí àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀. Ní 2016, òfin páàkì ìjọba àpapọ̀ yọ̀ǹda kí àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tí ìjọba mọ̀ lè bá páàkì ṣe àdéhùn láti máa já ewéko fún àṣà wọn. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan nínú wa ń ráhùn pé kí ló dé tí wọn ò fi tiwa kún un. Ìdáhùn mi ni pé wọn ò lé wa kúrò lórí ilẹ̀ yìí. Wọ́n kó àwọn baba ńlá púpọ̀ nínú wa wá síbí tipátipá, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni wọ́n ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n gbèsè ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ẹ jẹ́ ká má fi gba tẹni ẹlẹ́ni.

Àwọn mìíràn á mú ẹjọ́ Hialeah wá, níbi tí Church of the Lukumi Babalu Aye ti borí ní 1993. Ẹ ka ẹjọ́ náà dáadáa. Wọ́n borí nítorí pé òfin ìlú yẹn dojú kọ ẹ̀sìn wọn ní tààràtà. Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má já ewé nínú páàkì, àti olórìṣà àti ẹni tó fẹ́ fi òdòdó ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, kò dojú kọ wá. Ẹjọ́ Hialeah ò kan ibẹ̀.

Ohun tó kù láti ṣe

Àtakò kan wà tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn àgbà awo á ní ewé inú ìkòkò ò lè dà bí ewé ẹgàn, pé ewé tó bá afẹ́fẹ́ àti ẹranko jà lágbára ju èyí tí à ń bu omi rin lọ. Mi ò bá wọn jiyàn. Fún iṣẹ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó: òdúndún, tẹ̀tẹ̀, rinrin àti pẹ̀rẹ̀gún, gbogbo ìwọ̀nyí la ti ń gbìn sí àgbàlá àti sínú ìkòkò. Tẹ̀tẹ̀ ń hù nínú oòrùn Georgia bí ẹni pé níbí ni wọ́n bí i sí. Pẹ̀rẹ̀gún àti òdúndún ń wọlé nígbà òtútù bí àwa náà. Nílé pàápàá, ẹ̀yìnkùlé onísègùn kì í ṣófo. Fún èyí tó kù, a lè tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ tirẹ̀, a lè béèrè ìwé àṣẹ níbi tí òfin ti fàyè sílẹ̀. Níbi tí kò ti sí àyè, iṣẹ́ mìíràn máa dúró, tàbí ká bi Ifá bóyá ewé mìíràn gbà á. Ó nira. Mi ò sọ pé kò nira. Ìtọrọ tí ìdáhùn rẹ̀ ò lè jẹ́ "rárá" kì í ṣe ìtọrọ.

Ohun tí à ń gbé lọ sínú igbó náà wà ńbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rá, ìgò, rìbọ́ọ̀nù tàbí ike sí etí odò. Ẹbọ tí ilẹ̀ ò lè jẹ, ìdọ̀tí ni.

Níkẹyìn, ẹ jẹ́ ká máa lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ igbó lórúkọ. Nígbà tí Forest Service bá ń tún ìwé ètò ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ará ìlú. Nígbà tí kánsù Fairburn tàbí káúńtì Fulton bá fẹ́ yí ìsọ̀rí ilẹ̀ kan padà, kó lè di ilé ìkẹ́rùsí bí àwọn tó ti yí wa ká báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, kí wọ́n sì fún wa láyè láti sọ̀rọ̀. Ìpàdé náà máa ń pẹ́, àga ibẹ̀ le, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gbẹ. Èmi ń lọ, mo sì ń rí i pé àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ igbó, ọmọ odò, a ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bóyá Òsanyìn á ní ewé níbí ní ogún ọdún sí i.

Èèwọ̀ nílò ènìyàn tó máa bọ̀wọ̀ fún un, òfin nílò ènìyàn tó máa ṣọ́ ọ. Àwa kan náà ni ènìyàn ọ̀hún. Kí Ilẹ̀ má ṣe kọ̀ wá, kí a má ṣe já ewé tó máa ká wa lọ́wọ́ kò. Àṣẹ.